Kẹ̀kẹ́ Oníṣọ́ọ̀kì Méjì: Iye Tí A Rà Á Kọ́ Ni Iye Tó Ń Náni

Àwa tọkọtaya tí a ń bójú tó ojú ewé òwò yìí sábà máa ń kọ nípa owó-orí, nípa ilé rírà àti nípa fífi owó ránṣẹ́ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Kẹ̀kẹ́ kan ló jẹ owó òrùlé ìyá wa nílé. Olè kò gbé e, ìjàǹbá kò sì ṣe é. Àwa fúnra wa ni a kò ṣírò kí a tó rà á.

Láti ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Georgia níbí, àwọn ọmọ láti kíláàsì kẹfà dé kejìlá lè wọ ẹgbẹ́ agun-kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa díje nínú igbó àti lórí òkè lábẹ́ NICA, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2009 fún irú eré yìí láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin wa fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò. Inú àwa náà dùn, nítorí pé ọmọ tó wà nínú igbó lórí kẹ̀kẹ́ kò sí nídìí fóònù. Olùkọ́ wọn sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan ti tó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ní rárá o, kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì, tó ní níwájú tó tún ní lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní full-suspension, ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ òun ń gùn. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ṣe máa ń sọ "gbogbo".

A rí ọ̀kan tí ẹnì kan ti lò. Nígbà tó wà ní tuntun, owó rẹ̀ lé ní $3,500. Ẹni tó ń tà á ní kí a mú $1,400 wá. Ó ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ún, ó kàn wà nínú gáréèjì ni. Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán. A san owó, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, à ń yọ̀ lọ sílé pé a rí ọjà ọ̀pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ní kẹ̀kẹ́ náà ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ lábẹ́ òun, àti pé iwájú rẹ̀ ti le bí igi. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó di ìjókòó rẹ̀ mú, ó rọra gbé e sókè, àwa náà sì rí i pé ìjókòó ti gbéra kí táyà ẹ̀yìn tó mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé òun. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ti ń mì. Ó mú bírò, ó kọ ìwé owó fún wa. Títú inú fọ́ọ̀kì iwájú àti títò ó padà, $175. Ti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, $150. Bíárìn gbogbo oríkèé, ọjà $90, iṣẹ́ ọwọ́ $120. Ṣéènì tuntun, $40. Eyín gíà ẹ̀yìn, nítorí pé ṣéènì àtijọ́ ti jẹ ẹ́ run, $110. Pádì bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn, $50. Fífa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì bíréèkì méjèèjì, $90. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $825, láìtíì ka owó-orí ọjà.

Owó kan ṣoṣo tí a ní nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni èyí tí a ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ fún òrùlé ìyá wa. Páànù ilé náà ti jẹrà, a sì ti ṣèlérí pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kápẹ́ńtà yóò ti gun orí rẹ̀. Inú owó yẹn ni a ti mú $825. Nígbà tí a pe màmá, a ní ìnáwó kan ló yọjú. Wọ́n ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀yin ọmọ mi, báàfù wà, a ó máa gbé e síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ báàfù yẹn kò jẹ́ kí a sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní ilé tiwa, a rí i pé kẹ̀kẹ́ gan-an ni ẹnu tó ń jẹ owó.

Kí ló dé tí ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì fi ń jẹun báyìí? Ẹ jẹ́ kí a rántí kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa gùn lọ sóko. Ráálẹ̀ ni, irin gidi, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kán ọ́ìlì sí ṣéènì rẹ̀, ẹ lẹ tíúùbù rẹ̀ nígbà tó bá jò, ó parí. Ó lè gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu, kí ó gbé ìyàwó, kí ó tún gbé ọmọ, fún ogún ọdún. Ìdí ni pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Ìdí ẹni tó gùn ún ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè ti òde òní yàtọ̀. Nígbà tí Greg Herbold gba ipò kìíní àgbáyé nínú eré sísọ̀kalẹ̀ òkè ní Durango ní ọdún 1990, fọ́ọ̀kì RockShox tó ń rọ̀ tó ń ga ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, láti ìgbà náà ni kálukú sì ti ń wá tirẹ̀. Ìtòsí wa níhìn-ín sì ni eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ti kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1996, ní Georgia International Horse Park ní Conyers. Bart Brentjens ará Netherlands àti Paola Pezzo ará Ítálì ló gba góòlù. Àwọn tó ti wà ní Atlanta nígbà náà kò ní rántí èyí, nítorí pé ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Nàìjíríà na Bùràsílì 4–3 ní Athens, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Chioma Ajunwa sì fò gba góòlù tirẹ̀. Ta ló ráyè kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn?

Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ wa. Nínú fọ́ọ̀kì iwájú, irin méjì tó ń dán ló ń wọ inú ẹsẹ̀ méjì lọ tó tún ń jáde. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríìnì. Ọ́ìlì tó ń gba ihò kéékèèké kọjá ló sì ń dá a lọ́wọ́ kọ́ kí ó má baà máa ta sókè bí bọ́ọ̀lù. Síìlì rọ́bà ló wà lẹ́nu rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde tàbí kí iyẹ̀pẹ̀ wọlé. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rí bákan náà, àmọ́ ó kéré ju ti iwájú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì wúwo, nítorí pé ìwúwo ẹni tó jókòó ló ń gbé. Lẹ́yìn èyí ni oríkèé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí kò lẹ̀ mọ́ iwájú gbọnyin bíi ti Ráálẹ̀. Orí oríkèé mélòó kan ló ń yí, bíárìn sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo gbòǹgbò igi tí ọmọ bá gùn kọjá, síìlì wọ̀nyí ló ń fà á, bíárìn wọ̀nyí ló ń rù ú.

Ilẹ̀ Georgia wá dá kún un. Amọ̀ pupa ìhín jọ ilẹ̀ pupa ilé wa débi pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé òun kò tíì kúrò nílé. Bí ó bá gbẹ, ó di lẹ́búlẹ́bú. Bí ó bá tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu síìlì, ó sì ń ha irin bí ìwé tí kápẹ́ńtà fi ń ha pákó. Ní Blankets Creek ní Canton, wọ́n máa ń ti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pa nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ rọ̀, kí táyà má baà bà á jẹ́. Àwọn òbí kan máa ń kùn pé àwọn ti wakọ̀ wá lásán. Àwa kì í kùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, owó síìlì wà lápò wa.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà tí a ń ra kẹ̀kẹ́ náà ni pé àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì kì í fi oṣù nìkan ka sáfíìsì. Wákàtí tí a fi gùn ún ni wọ́n ń kà, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ṣe ń ka máìlì. RockShox ní kí a ṣí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, kí a nù ún, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 50. Fox ní kí a tú gbogbo rẹ̀ ní wákàtí 125 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Wákàtí 50 kì í pẹ́ pé. Fún ọmọ tó ń gùn ún ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Iye tí a san ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwa lọ ni a ó lò. Ti ibòmíràn lè ga tàbí kí ó rẹlẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ti agbègbè yín kí ẹ sì fi rọ́pò tiwa. Ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40 nínú ọdún. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 160.

Fọ́ọ̀kì iwájú nílò sáfíìsì kékeré ẹ̀ẹ̀mejì ní $80, àti títú pátápátá lẹ́ẹ̀kan ní $175: $335. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn nílò kékeré ẹ̀ẹ̀mejì ní $60, àti ńlá lẹ́ẹ̀kan ní $150: $270. Bíárìn oríkèé máa ń tó ọdún méjì bí a bá tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ìdajì $210 ni ti ọdún kan: $105. Ṣéènì méjì lọ́dún: $80. Eyín gíà ẹ̀yìn kan lè lo ṣéènì mẹ́ta kí ó tó kú bí a bá ń tètè pààrọ̀ ṣéènì, nítorí náà a ka $70 sí i. Pádì bíréèkì ẹ̀ẹ̀mejì: $100. Ọ́ìlì bíréèkì lẹ́ẹ̀kan: $90. Táyà méjì: $140. Omi funfun tí ń dí ihò inú táyà: $40.

Ẹ rò ó pọ̀. $1,230 ni lọ́dún kan. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ó lé díẹ̀ ní $100 lóṣù. Ẹ pín in sí wákàtí 160, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $7.70 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fi wà lórí ìjókòó, kódà bí ọjọ́ náà kò bá mú wàhálà kankan wá. Kò sí ìṣubú nínú rẹ̀, kò sí ríìmù tó ká, kò sí owó epo ọkọ̀ tí a fi gbé e lọ sí Sope Creek tàbí Yellow River.

Ẹ wá yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn àti bíárìn oríkèé kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì kan ni olùkọ́ ní kí a rà, tí a sì gbọ́. $375 ló kúrò. Ó ku $855, ìyẹn bíi $5.35 fún wákàtí kan. Ẹnì kan lè ní $375 kò tó nǹkan. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ ń lò ní high school. $375 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ $1,500, ó sì ju $1,400 tí a ra kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí a kọ èyí sórí bébà, ìyàwó ilé wo ọkọ, ọkọ wo ògiri.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra oníṣọ́ọ̀kì méjì. Ọmọ tó ti ń sáré gan-an lórí àpáta àti gbòǹgbò yóò rí ìwúlò rẹ̀: táyà ẹ̀yìn kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ọmọ kò sì ní máa ro ó. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ ka $100 oṣooṣù náà mọ́ owó rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn ọmọ, bí a ṣe ń ka inṣọ́ránsì mọ́ owó mọ́tò.

Ṣé a lè dín in kù? A lè dín in kù, bí ẹ bá lè fi ọwọ́ kan gíríìsì. Ọ́ìlì sáfíìsì kékeré ti fọ́ọ̀kì ń ná wa ní bíi $20 nígbà tí a ṣe é fúnra wa ní gáréèjì, dípò $80. Ti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, síìlì rẹ̀ jẹ́ bíi $25 dípò $60. Ọ́ìlì bíréèkì jẹ́ $20 dípò $90. Gbogbo èyí dá $260 padà sápò wa lọ́dún, ọdún náà sì wá di $970. Irinṣẹ́ tí a rà fún un, pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì, géèjì ṣéènì, súpáànà tó ń sọ bí a ṣe fún nǹkan le tó, àti ohun èlò ọ́ìlì bíréèkì, kò ju $160 lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì rà wọ́n.

Àwọn ibi kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ẹ jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀kì jáde tán kí ẹ tó tú ohunkóhun lára rẹ̀, nítorí pé agbára tó wà nínú rẹ̀ lè ṣe ọwọ́ tàbí ojú léṣe. Títú inú lọ́hùn-ún kì í ṣe iṣẹ́ gáréèjì rárá. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe oríṣi kan: Shimano ń lo mineral oil, ọ̀pọ̀ nínú bíréèkì SRAM ń lo DOT. Bí ẹ bá da ọ̀kan sínú èkejì, síìlì inú rẹ̀ yóò wú, bíréèkì tuntun lẹ ó sì rà. Ẹ má sì fi omi alágbára ti ilé ìfọkọ̀ fọ kẹ̀kẹ́ náà o. Ìyẹn gan-an ni ẹni tó ta tiwa fún wa ń ṣe, a rí ìpẹtà rẹ̀ nínú bíárìn. Dídán tí a rí lọ́jọ́ náà, omi ló dán an.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ yìí, géèjì ṣéènì tí kò ju $15 lọ ló ń mú owó wọlé jù. Ṣéènì kì í já kí a tó mọ̀ pé ó ti gbó. Ó ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ ni, bí ó sì ti ń gùn ló ń jẹ eyín gíà. Fún kẹ̀kẹ́ oní-gíà 11 tàbí 12, bí géèjì bá ti lè wọlé ní àmì 0.5, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣéènì $40 tí ẹni àkọ́kọ́ kò pààrọ̀ ló sọ wá di onígbèsè eyín gíà $110. Ti síìlì tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ́ìlì $20 bá pẹ́ jù, tí iyẹ̀pẹ̀ sì ha irin tó ń dán nínú fọ́ọ̀kì, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tó lè tún irin náà ṣe. Wọn á ní kí ẹ ra apá òkè fọ́ọ̀kì lódindi, owó rẹ̀ sì lè kọjá $300.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ẹ̀yin tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù: ní Georgia, orí ọjà ni owó-orí ọjà wà, kò sí lórí iṣẹ́ àtúnṣe bí wọ́n bá kọ owó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rìsíìtì. Àwọn ọmọ tó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ wo Bearings Bike Works ní Adair Park nínú Atlanta, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ tó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì ń gba $120 fún bíárìn, àwa náà rò ó pé ó yẹ kí ọmọ wa kan mọ iṣẹ́ yìí.

Bí ó bá jẹ́ pé àlòkù lẹ fẹ́ rà bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ fọ́ yín lójú. Ẹ gbé ìjókòó sókè bí mẹkáníìkì yẹn ti ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, ẹ yọ $210 kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Ẹ fi èékánná fa irin fọ́ọ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ ohun kan, ẹ máa lọ sílé. Ẹ fi géèjì wo ṣéènì. Ẹ fún bíréèkì: bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀bà tó tutù, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ wá bi ẹni tó ń tà á pé, "Ìgbà wo lẹ ṣe inú ṣọ́ọ̀kì yìí kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni rìsíìtì rẹ̀ sọ?" Ẹni tó bá ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ún, tí kò sì ní rìsíìtì kankan, ẹ ka owó gbogbo sáfíìsì náà sí i lọ́rùn. Ẹ tún rántí pé ìdánilójú tí ilé-iṣẹ́ fún férémù sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á, kì í bá kẹ̀kẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹnì kejì.

Arákùnrin kan béèrè lọ́wọ́ wa ní ìpàdé bóyá òun lè fi irú kẹ̀kẹ́ yìí sínú kọ̀ǹtéínà ránṣẹ́ sí àbúrò òun nílé. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ oníṣọ́ọ̀kì kan, tàbí èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá. Fúlákánáísà lè lẹ táyà rẹ̀, ó sì lè fún un ní afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lè nílò 200 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ kì í sábà dé ibẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ náà kò sì ṣe é fún ohun tí kò gbà ju ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí síìlì bá já, Amẹ́ríkà ni àbúrò yóò tún pè. Ẹ ti wá gbé owó oṣooṣù kọ́ ara yín lọ́rùn nìyẹn.

Ní ti kẹ̀kẹ́ tiwa, a kò tà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ti san $825, ó yẹ kí ọmọ jẹ̀gbádùn rẹ̀. A ra ìwé kékeré kan, ọmọ ń kọ wákàtí tó bá gùn sínú rẹ̀ ní alaalẹ́, a sì ń fi $7 sínú kóló fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tí wákàtí bá pọ̀, àwa ni ojú ń pọ́n. Nígbà tí sáà eré parí, a tẹ́ bébà ìṣirò wa sórí tábìlì, a sì ní kí ó kà á. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. A rò pé yóò jà. Ó bi wá pé, "Dádì, ṣé inú owó òrùlé Grandma lẹ ti mú un?" A kò mọ̀ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ báàfù lórí fóònù.

Òun ló ní kí a tà á. Ẹni tó wá rà á gbé ìjókòó sókè, kò gbọ́ ohunkóhun. Ó fi èékánná fa irin fọ́ọ̀kì. A wá gbé ìwé wákàtí àti àwọn rìsíìtì fún un. Ó ṣí i láti ojú ewé kìíní dé ìparí, ó sì san $1,250 láìyọ dọ́là kan, lẹ́yìn tí ọmọ ti gùn ún fún odidi sáà. A fi $900 ra oníṣọ́ọ̀kì kan fún un. $350 tó kù padà sínú owó òrùlé, kò tó, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀. Páànù tuntun gun orí ilé náà ní ọdún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn òjò kan tí báàfù kò gbà tán. Ọmọ ṣì ń kùn pé gbòǹgbò igi Sope Creek ń dun ìdí òun. A ní kí ó pe bàbá àgbà, kí ó bi wọ́n léèrè nípa Ráálẹ̀.

Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀kọ́ yìí wà ní ojú ewé tó kọjú sí èyí. Ẹ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fi iye tiyín ṣe ìṣirò náà. Géèjì ṣéènì àti pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì wa wà fún yíyá ní ìpàdé oṣooṣù. Ẹ kàn kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò. Ẹni tó mú súpáànà wa lọ níjọsí kò tíì dá a padà o. A mọ ilé yín.